Pásọ́nẹ̀lì Àti Ọmọ Rẹ̀ Méje

Ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ Làsísì o, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi po aró nílé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà, kò sì sí aṣọ tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde tí àwọ̀ rẹ̀ ṣí. Nígbà tí SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó mú kí ilé iṣẹ́ máa dín òṣìṣẹ́ kù, dé, obìnrin ọ̀gá pásọ́nẹ̀lì, níbi tí wọ́n ti ń gbani tí wọ́n ti ń léni, wò ó láti òkè délẹ̀, ó sì fún un níwèé pé kó máa relé. Ó ní bí nǹkan bá dára, àwọn á pè é padà. Ọkùnrin tó máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ wá di ẹni tó ń jókòó sẹ́yìnkùlé ní Agége, tó ń wo adìyẹ kan.

Ojú adìyẹ náà burú. Bó bá wò ọ́, á dà bíi pé ó ń wá àṣìṣe nínú fáìlì rẹ. Làsísì kúkú sọ ọ́ ní Pásọ́nẹ̀lì.

Nígbà tí Pásọ́nẹ̀lì pa ọmọ mẹ́sàn-án, ayé dùn mọ́ Làsísì. Adìyẹ á tú ilẹ̀, á rí ikán, kò ní jẹ ẹ́. Á máa pe kọ́-kọ́-kọ́ títí àwọn ọmọ á fi sáré dé. Èyí tó yájú jù nínú wọn máa ń gun ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, á ṣu síbẹ̀, á sì sùn. Làsísì á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá rò ó pé ọmọ mẹ́rin tí Ràbíátù ìyàwó òun bí, níbo lòun wà nígbà tí wọ́n ń kọ́ ìrìn? Ìdí aró ló wà.

Àfi bí àṣá ṣe gbé méjì lọ. Gbogbo Agége ló mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i: wọ́n á fi aró díẹ̀ kun ẹ̀yìn ọmọ adìyẹ kí àṣá má baà dá a mọ̀. Díẹ̀ ni mo wí. Làsísì ní èwo ni díẹ̀, òun akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Ó po aró aláwọ̀ ewé tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ó bu iyọ̀ sí i, ó sì rì wọ́n bọ̀ ọ́ dé ọrùn. Nígbà tí wọ́n gbẹ, àwọn méjèèje dà bí ẹ̀fọ́ ṣọkọ tó lẹ́sẹ̀. Àṣejù ni baba àṣetẹ́.

Pásọ́nẹ̀lì wò wọ́n láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní ìyá ni wúrà. Wúrà fẹnu ṣá wọn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì lé wọn dànù.

"Bàbá Sódìq, ẹ fọ̀ ọ́ kúrò lára wọn," Ràbíátù wí.

Làsísì fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n títí. Àwọ̀ tí kì í ṣí kò ṣí.

Odindi ọjọ́ méjì ló fi ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ bò wọ́n, tó ń kúnlẹ̀, tó ń fi ìka tú ilẹ̀, tó ń pe kọ́-kọ́-kọ́. Wọn ò dá a lóhùn, wọn ò sì jẹun. Ẹ̀rù bà á gidi. Àwọn yìí nìkan ló ń jí wò láti ọjọ́ tó ti kúrò níṣẹ́. Bí wọ́n bá kú, ọwọ́ rẹ̀ ló pa wọ́n.

Lọ́jọ́ kẹta, àṣá padà dé. Ebi ń pa á, kò bìkítà fún àwọ̀ kankan. Àwọn ọmọ figbe ta. Kí Làsísì tó dìde, Pásọ́nẹ̀lì ti fò jáde láti ẹ̀yìn kànga, ó kọ lu àṣá, ìyẹ́ fọ́n káàkiri. Àṣá gbéra lọ lófìfo. Adìyẹ na ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó pe kọ́-kọ́-kọ́, àwọn méjèèje sì wọlé síbẹ̀.

Ràbíátù bá ọkọ rẹ̀ nílẹ̀ níbi tó ti ń sunkún.

"Ó pè wọ́n padà," Làsísì wí. "Ọdún méjì rèé tí mo ti ń retí tèmi."

Ràbíátù jókòó tì í, wọ́n jọ ń wo èyí tó yájú náà bó ṣe gun ẹ̀yìn Pásọ́nẹ̀lì, tó ṣu síbẹ̀, tó sì sùn.