Orí Tuntun Láti Aboabo

"Omi ilé yín ń gún mi." Bí ìyá mi ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, ní gbogbo ìgbà tó bá jáde ní balùwẹ̀. Kò ní sọ pé ṣáwà wa ti bàjẹ́ o. Omi ilé yín! Bí ẹni pé ilé àlejò ló wà, tí kì í ṣe ilé ọmọ tó bí.

Ọ̀rọ̀ náà máa ń bí mi nínú, mi ò ní purọ́. Kí ló kúkú gbé e dé ọ̀dọ̀ wa ní àdúgbò Vittin? Ó yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ ilé ẹbí wa ní Aboabo, àdúgbò ọlọ́jà nínú ìlú yìí kan náà, níbi tí oníkálukú ti ń gbé omi tirẹ̀ wọlé nínú korobá, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì ń yọ̀ bí ilá. Egungun ìbàdí rẹ̀ sán. Nígbà tó gbádùn díẹ̀, dókítà ní kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́, kò gbọ́dọ̀ gbé korobá mọ́, kó máa jókòó wẹ̀ lábẹ́ ṣáwà. A ra àga oníke, a gbé e sí balùwẹ̀ wa, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Kò parí. Omi kànga ẹ̀rọ tí à ń lò máa ń fi nǹkan funfun bí ẹfun sílẹ̀ lára gbogbo ohun tó bá kàn, ó sì ti dí ihò ṣáwà náà. Àwọn ihò tó ṣẹ́kù wá ń tu omi bó ṣe wù wọ́n. Ọ̀kan ń ta á sí ògiri, ọ̀kan ń ta á sí ìyá létí, èyí tó burú jù wá ń gún un léjìká. Mo fi abẹ́rẹ́ tú àwọn ihò náà, mo rẹ ẹ́ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́, pàbó ló já sí.

Ìyá ò sì tíì kó aṣọ kankan jáde nínú báàgì tó gbé wá. Inú rẹ̀ ló ti ń yọ wọ́n wọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ ní ìdíkọ̀. Lọ́jọ́ Àlàmísì kan, ó là á mọ́lẹ̀ fún mi: "Ọ̀la ni Jímọ̀. Bí mo bá ń wẹ̀ láti lọ kírun, tí omi yìí bá tún gún mi, Aboabo ni mò ń lọ. Mo mọ korobá mi, korobá mi náà mọ̀ mí."

Bó bá tún fi egungun yẹn ṣubú, ta ló mọ̀ bóyá ó máa dìde? Mo pe ìyàwó mi lórí fóònù, ọjà Aboabo ló wà lọ́jọ́ náà, mo ní kó jọ̀ọ́, kó ra ṣáwà tuntun bọ̀.

Ọmọ Dagomba, àwọn onílẹ̀ ìlú yìí, ni ìyàwó mi. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Háúsá ni gbogbo wa fi ń nájà, bí ọ̀rọ̀ kan bá sì wọ́n ọn ní Yorùbá, ara Háúsá ló ti máa ń yá a. Kan fanfo ni wọ́n ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́jà. Kan yẹn, orí ló túmọ̀ sí; fanfo ni ẹ̀rọ omi. Orí àkàbà ni mo wà, mò ń ti omi tánkì, nígbà tó wọlé. Kò dúró dè mí. Ó fẹ́ kọ́kọ́ fún ìyá níròyìn ayọ̀.

"Màmá, inú yín máa dùn lónìí o! Orí yín tí kò dáa yẹn, a máa pààrọ̀ rẹ̀. Mo ti ra tuntun l'Áboabo."

Ìyá ní, "Orí ta ni?"

"Orí yín ni, Màmá. Ó ti dí pátápátá. Ọmọ yín ń bọ̀ wá yọ ọ́. Ẹ má bẹ̀rù, kò ní pẹ́."

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò. Ìyàwó ilé dúró níwájú ìyá ọkọ rẹ̀, ó ní orí rẹ̀ ò dáa, ó ní òun ti ra òmíràn lọ́jà, ó tún wá ń rẹ́rìn-ín sí i!

Nígbà tí mo fi máa sọ̀kalẹ̀, ìyá ti da ìborùn borí, ó ti gbé báàgì, kò mú ọ̀pá tó fi ń rìn, ó sì ti dé orí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. Àtẹ̀gùn yẹn ò ní ohun tí èèyàn lè dì mú.

"Ìyá! Ẹ dúró! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbẹ́sẹ̀!" Igbe tí mo ké mú kí àwọn ará ilé kejì yọjú.

"Aúsùbílàhi! Wọ́n ní orí mi ò dáa." Ìyá fọwọ́ ti ògiri. "Ìyàwó rẹ ní ẹ fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Orí tí mo fi bí ọ, tí mo fi tọ́ ọ dàgbà! Ẹ jẹ́ kí n máa gbé e lọ bó ṣe wà."

Mo yíjú sí ìyàwó mi, inú mi ti ru, mo ti lanu láti pariwo mọ́ ọn. Omi ti lé ròrò sójú òun náà, kò mọ ohun tó sọ tó burú. Ó kàn na ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí mi. Mo wo inú rẹ̀, mo rí ṣáwà. Ìbínú di ẹ̀rín mọ́ mi lẹ́nu. Mo rọra gba báàgì lọ́wọ́ ìyá, mo fà á lọ́wọ́ padà sórí àga, mo gbé ṣáwà náà lé e lọ́wọ́.

"Ìyá, orí tó ń wí rèé."

Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó fi ìka wo àwọn ihò rẹ̀. Ó wá wo ìyàwó mi títí. "Orí rèé?"

"Orí ni, Màmá."

Ìyá ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ lọ fi síbẹ̀ ná. Ohun tí mo sọ nípa Jímọ̀ ò yí padà."

Ṣáwà àtijọ́ kọ̀, kò yí. Mo fi aṣọ wé e, mo fi sípánà dì í mú. Páìpù inú ògiri dún kẹ̀ẹ̀. Mo dúró, mò ń bẹ Ọlọ́run, nítorí bó bá kán sínú ògiri, a ti fọwọ́ ara wa dá ìyá padà sí Aboabo nìyẹn. Mo tún un gbìyànjú díẹ̀díẹ̀ títí tó fi jọ̀wọ́ ara rẹ̀, tí ẹfun dà sí mi lójú. Mo wé ọ̀rá funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dí omi mọ́ ẹnu páìpù, mo wé e lódì, ó ń tú bí mo ṣe ń yí ṣáwà wọlé. Mo bú ara mi, mo tún un wé. Nígbà tí a ṣí omi, ó kọ́kọ́ húkọ́, ó pọ omi pupa, lẹ́yìn náà ló wá dà láti gbogbo ihò lẹ́ẹ̀kan náà, wọ̀ọ̀, ó rọ̀. Ìyàwó mi na ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó kàn mi orí sí mi. Kò fẹ́ fi Yorùbá ṣeré mọ́ lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ìyá wọ balùwẹ̀, àwa méjèèjì dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ò lè jókòó. Omi ń dà. A ò gbọ́ "yéè". A ò gbọ́ "omi ilé yín". Nígbà tó yá, orin wákà la gbọ́, èyí tó máa ń kọ nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo mí kanlẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀ débi tí mo fi ń rò ó pé omi tánkì máa tán. Mo ní kó tán, kí ló kàn mí!

Ó jáde, ara rẹ̀ ń dán.

"Ìyàwó."

"Màmá."

"Wọ́n ní orí burúkú ò gbọ́ ọṣẹ. O ṣeun tí o bá mi ra òmíràn."

Ẹ̀rín pa wá. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ ń mì. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ rẹ̀ tí omi ṣì wà lára rẹ̀ lé ìyàwó mi lórí. "Tìrẹ yìí dáa. Ẹnikẹ́ni ò ní bá ọ pààrọ̀ rẹ̀."

"Àmín, Màmá."

"Ó yá, lọ bá mi tú báàgì yẹn, kí o kó àwọn aṣọ mi sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Omi ilé wa ti dáa."