Orin Tí Monílọ́lá Ń Dá Kọ

Ní Ajue, bí ẹ bá béèrè ẹni tó lóhùn jù, ẹbu ibi tí Monílọ́lá ti ń fún epo ni wọ́n máa júwe fún yín. Obìnrin yẹn a máa kọrin bó ṣe ń gún ẹyìn, a sì tún máa kọ ọ́ bó ṣe ń da epo sí kẹ́ẹ̀gì. Ìdí nìyẹn tí ìjọ wọn fi ní kó máa ṣáájú orin ìyìn. Tó bá ti di máìkì mú báyìí, òkè téńté ló ń gbé orin lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó ti di ojú, ó nawọ́ sókè, orin ń lọ, ni jẹnẹrétọ̀ bá kú. Máìkì náà kú. Monílọ́lá ò dákẹ́ ní tiẹ̀, ó ní ṣebí ìjọ á gbé e. Ha! Ohùn kan ṣoṣo ló gbọ́, tirẹ̀ ni. Ó lajú. Gbogbo èèyàn dúró, wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo mọ́tò tó ń kọjá lójú títì Òrè.

Lẹ́yìn ìsìn, Alàgbà Owólabí pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Monílọ́lá, má bínú o. A fẹ́ lọ pe àwọn akọrin kan ní Òrè fún ìkórè. Ìjọ ti ń tòògbé."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní Ìsinmi tó ń bọ̀ yìí. Bí wọn ò bá kọrin, ẹ pe ará Òrè."

"Ohùn wo ló tún kù tó ò tíì lò?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ta á bí ata. Kò yà sílé, ọ̀dọ̀ Ìyá Ọ̀ṣuntóyìn ló gbà lọ, ìyá arúgbó tó máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ kì í bá mi gberin mọ́?"

Màmá rẹ́rìn-ín. "Kí n gbe kí ni? Ìwọ ti gun ọ̀pẹ lọ, àwa wà nísàlẹ̀ à ń wòkè. Ṣé orúnkún mi yìí ló máa gùn ún?"

"Ẹ ò sì sọ fún mi!"

"O ti di ojú. Ta ni mo fẹ́ sọ fún?"

Monílọ́lá ní kí Màmá máa bọ̀ ní ẹbu, kí ó wá máa dá orin, kí òun máa gbè é. Màmá sì wá lóòótọ́, ó ń dá a nísàlẹ̀ nísàlẹ̀. Nísàlẹ̀ yẹn, ohùn Monílọ́lá há bí ọlọ tí kò lómi.

"Àǹtí, ṣé òtútù mú yín ni?" Beauty ló sọ bẹ́ẹ̀, ọmọbìnrin tó ń bá a ṣa ẹyìn.

Àwọn tó wà ní ẹbu rẹ́rìn-ín. Monílọ́lá náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò dé inú. Gbogbo ìgbà tí ohùn bá fẹ́ gòkè, á fà á wálẹ̀ bí ẹni fa ewúrẹ́ kúrò nídìí iṣu. Bó ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn.

Ìsinmi dé. Ó fi máìkì sílẹ̀ lórí tábìlì, ó wá dúró láàárín bẹ́ǹṣì, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ó dá orin. Kò sẹ́ni tó gbè é. Alàgbà Owólabí wúkọ́. Òógùn bo Monílọ́lá, ojú rẹ̀ lọ sí ibi tí máìkì wà, ó yáa ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ó tún un dá, ó tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí i.

Ohùn gbígbó kan dáhùn látẹ̀yìn. Màmá ni. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọkùnrin tó wá ṣe oko kòkó láti ìlú mìíràn, tí kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn wọn rí, gbé e nílẹ̀, ó ń dún hùn-ùn. Ni gbogbo ilé bá gbà á. Monílọ́lá wá fẹ́ mọ̀ dájú pé kì í ṣe òun ló ń gbé e. Ó pa ẹnu dé. Orin ń lọ.

"Àǹtí," Beauty wí lẹ́nu ọ̀nà, "a ò tiẹ̀ gbọ́ ohùn yín lónìí."

Ó dùn ún díẹ̀, irọ́ ò dáa. "Ṣé ẹ gbọ́ tiyín?"

"A gbọ́ ọ."

"Ó tán nìyẹn."

Alàgbà Owólabí ń kọjá lọ, orin ọ̀hún ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó dúró.

"Ìwọ lo máa ṣáájú níkòórè. Màmá ti sọ ọ́ fún mi, má kàn tún gun ọ̀pẹ lọ o!"