Dùùrù Tí Wọ́n Ní Ikán Jẹ

Kó. Ohùn kékeré yẹn ni mo gbọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù Ráúfù tó ń ta sípíkà lẹ́bàá ọjà Ìkàrẹ́.

Sípíkà ni mo lọ rà. Etí mi ti ń di ti àgbà, rédíò mi sì ń sọ gbogbo dùùrù di ṣíbí tí wọ́n ń lù mọ́ abọ́ tánganran. Mo fẹ́ èyí tó máa jẹ́ kó dà bíi pé dùùrù gan-an ló wà ní pálọ̀ mi. Ráúfù kọ́kọ́ tan sípíkà ńlá kan tó ń mi ìgò mínírà rẹ̀ tìtì. "Mọ́mì, ẹ gbọ́ báàsì ẹ̀." Mo ní kì í ṣe ijó ni mo fẹ́ jó. Èkejì dùn, ṣùgbọ́n ohùn tó yẹ kó máa kú díẹ̀díẹ̀, ṣe ló ń gé e. Ẹ̀kẹta kéré, pákó ni wọ́n fi ṣe àpótí rẹ̀. Mo ní kó so ó mọ́ fóònù mi, mo sì fi orin kan sí i, orin ìyìn tí ọ̀rẹ́ mi Mosún fi dùùrù tẹ̀, tó fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù láti Ìbàdàn. Ó pẹ́ tí mo ti ń fi orin náà yangàn fún àwọn aládùúgbò. Ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Nígbà èwe wa ní Ọ̀kà, orí òkè ni ṣọ́ọ̀ṣì wa wà, ọkọ̀ ò lè dé ibẹ̀. Ọjọ́ tí dùùrù dé, àwọn géńdé ìjọ ló gbé e gun àpáta, wọ́n ń kọrin, wọ́n sì ń bú ara wọn. Àwọn ìyá wa ń gúnyán dè wọ́n lókè. Ìyá mi gún un títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé ni dùùrù yọ̀ bọ́, tó lọ sọ mọ́ àpáta. Láti ọjọ́ náà, bí o bá tẹ ọ̀kan nínú àwọn eyín funfun tí wọ́n ń tẹ̀ láàárín rẹ̀, á dún dáadáa, igi á wá dáhùn nínú, kó, okùn irin kan á sì máa kùn tẹ̀lé e bí ẹ̀fọn. Àwa ọmọdé a máa retí ohùn kó yẹn nínú ìsìn, a ó máa fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wa.

Èmi àti Mosún, ọmọ Bàbá Kátíkíìsì tó ń bójú tó ṣọ́ọ̀ṣì, la máa ń nu dùùrù náà. Agolo sàdíìnì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, a sì ń bu kẹrosíìnì sínú wọn, èmi lọ́sẹ̀ kan, òun lọ́sẹ̀ kejì, kí ikán má baà gùn ún. Bí a bá ṣe é tán, Mosún á tẹ dùùrù, èmi á kọrin, òórùn kẹrosíìnì á wà lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Títí dòní, tí mo bá gbóòórùn kẹrosíìnì, orin ló ń wá sí mi lẹ́nu.

Mo lọ lo ọlidé ní Ifira. Nígbà tí mo dé, àyè dùùrù ṣófo. Bàbá Kátíkíìsì ní ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán, òun sì ti dáná sun ún. Wọ́n bi Mosún léèrè, ó ní ọ̀sẹ̀ tèmi ni agolo gbẹ. Mo mọ̀ pé mo bu ú kún kí n tó lọ, ó ta sí mi láṣọ. Ṣùgbọ́n bí gbogbo àgbà bá ń wí ohun kan náà, ọmọdé á gbà pé òun ló gbàgbé. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ bẹ ìjọ. Ìyá mi kúnlẹ̀ tì mí, pẹ̀lú ọwọ́ tó ti bó rí nítorí dùùrù yẹn. Kò pẹ́ sígbà náà, Mosún àti àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Ìbàdàn.

Mo ní kí Ráúfù tún fi orin náà sí i. Kó. Irin ń kùn tẹ̀lé e. Mo pe Mosún níbẹ̀.

"Dùùrù wo lo fi tẹ orin yìí?"

"Ti ilé wa ni. Èyí tí Bàbá fi sílẹ̀ fún mi."

"Èyí tí ikán jẹ?"

"Ọ̀rẹ́ mi, ọmọdé ni mí nígbà yẹn. Bàbá ló ní mi ò gbọdọ̀ sọ."

"O ti dàgbà tipẹ́, Mosún."

Mo pa fóònù. Ó dùn mí wọra. Gbogbo ọdún tí a fi ń kí ara wa kú ọdún, tí mò ń gbàdúrà fún un, ó mọ̀.

Mo ra onípákó náà. Ọkọ̀ ti ń gun òkè ṣọ́ọ̀ṣì wa báyìí, kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n sì ń tẹ̀ níbẹ̀; kò sẹ́ni tó ń bu kẹrosíìnì sí nǹkan kan. Dùùrù wa ṣì wà láàyè, kò sí ikán tó fọwọ́ kàn án. Ìyá mi ni kò sí mọ́. Ó kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ọmọ òun ló ba ohun tí gbogbo ìjọ gbé gun òkè jẹ́, kò sì sí sípíkà kan ní Ìkàrẹ́ tó lè gbé kó yẹn dé etí rẹ̀.