Òkúta Aró tí Abdulganiyy Ń Wá

Iṣẹ́ télọ̀ ni Abdulganiyy ń ṣe ní Ìdímù, ṣùgbọ́n òkúta ló gbà á lọ́kàn. Kì í ṣe òkúta tí wọ́n gé, tí wọ́n mú dán, tí wọ́n fi ṣe òrùka o. Èyí tó ti inú ilẹ̀ Òkè-Ògùn wá, tó fúnra rẹ̀ yọ igun, tó sì mọ́ gaara bíi gíláàsì ni tirẹ̀. Àfi kó jẹ́ aláwọ̀ aró. Inú àpótí onígíláàsì ní pálọ̀ ló ń tò wọ́n sí, lórí òwú. Hamdalah ọmọ rẹ̀ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n, Ràbíátù ìyàwó rẹ̀ ò gbọdọ̀ nù wọ́n.

Èyí tó fẹ́ràn jù ò gùn ju oríkèé ìka kan lọ. Nígbà tí ìyá Ràbíátù wá kí wọn láti Ògbómọ̀ṣọ́, màmá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fọwọ́ kàn án wò. Abdulganiyy rẹ́rìn-ín, ó ti àpótí pa. Màmá ò bínú. "Ọmọ mi" ló ń pè é láti ọjọ́ ìgbéyàwó, "ọmọ mi" náà ló tún pè é.

Àárọ̀ Sátidé tí màmá fẹ́ padà sílé, àyè òkúta yẹn ṣófo. Ta ló gbá pálọ̀? Màmá ni. Ó parí! Lójú gbogbo ayálégbé, ọkùnrin yìí ní, "Màmá, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká wo inú báàgì yín." Ojú ò tì í nígbà náà. Ràbíátù bú sẹ́kún. Màmá kúnlẹ̀ ti báàgì, ó ń kó ẹrù jáde lọ́kọ̀ọ̀kan: bùrẹ́dì, ọṣẹ, bùbá tí Abdulganiyy fọwọ́ ara rẹ̀ rán fún un. Kò sí òkúta níbẹ̀.

Kí màmá tó kúrò, ìrun Àílà ọ̀sán tó. Abdulganiyy fa jalabíà tó wọ̀ lọ sí Jímọ̀ lánàá wọ̀, ó síwájú wọn kírun ní pálọ̀. Bó ṣe forí kanlẹ̀, nǹkan jábọ́ láti àpò àyà rẹ̀, ó dún, ó sì yí lọ sẹ́yìn, sọ́dọ̀ àwọn obìnrin. Ìgbà yẹn ló rántí pé òun lòun mú un lọ yangàn fún Raheem ọ̀rẹ́ òun ní mọ́ṣáláṣí. Kò lè já ìrun, kò lè bojú wẹ̀yìn. Ojú tì í débi pé kò mọ ohun tó ń kà nínú ìrun mọ́.

Nígbà tó sálámà parí ìrun, tó wá bojú wẹ̀yìn, màmá ti gbé òkúta náà sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. "Ó mà dára o," ló wí, ó sì fi lé e lọ́wọ́.

Abdulganiyy dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Màmá ní kó dìde. Ó dìde, ó nawọ́ sí báàgì kó lè bá a gbé e dé ibùdókọ̀.

"Ẹ fi sílẹ̀, Bàbá Hamdalah," ni màmá wí. "Kí nǹkan yín má tún lọ sọnù."