Wọ́n Fẹ́ Dárí Ji Ọmọ Wynona Tarpley

Bí o bá fẹ́ rí ìbínú Wynona Tarpley, kò gba wàhálà. Jẹ́ kí ọmọ kan dìde lórí ìjókòó nígbà tí bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ń lọ, wàá rí i. Obìnrin náà ti ń wa bọ́ọ̀sì yẹn ní Pell Ridge tipẹ́tipẹ́, débi pé àwọn tó ń sin ọmọ wá pàdé rẹ̀ lówùúrọ̀ báyìí, òun náà ló gbé wọn lọ sílé-ìwé nígbà tí imú wọn ṣì ń ṣàn. Ìbínú rẹ̀ a máa yá dé, a sì máa yá lọ. Á jágbe mọ́ ọ kó o tó jókòó, á fún ọ ní bisikíìtì kó o tó sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ yìí kò lọ bọ̀rọ̀, èmi náà kò sì rí ìdí tó fi yẹ kó lọ.

Doyle ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí Leland, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, kò tíì pààrọ̀ eyín. Ẹ̀yìn Ìjọ Onítẹ̀bọmi Sharon ni ilé wọn wà nígbà náà, ibi tí àwọn olùjọ́sìn ń gbé mọ́tò sí sì ni ọmọ náà ti kọ́ bọ́ọ̀lù. Òpó iná méjì wà níbẹ̀. Tí ìsìn bá parí, tí mọ́tò bá tán nílẹ̀, Leland á máa gbá bọ́ọ̀lù gba àárín wọn kọjá títí ìyá rẹ̀ á fi pè é wá jẹun.

Bọ́ọ̀lù tiwa níhìn-ín, ọwọ́ ló ń gbé e ju ẹsẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ yunifásítì ló ń gbá a, àgbàlagbà ló ń kú sí i. Ẹgbẹ́ méjì ló wà: Àwòdì ni ọ́ tàbí Ìkookò, kò sí ìkẹta. Bí àjèjì bá wọ ìlú, a óò bi í ní ìjọ tó ń lọ, a óò wá bi í ní ẹgbẹ́ tó ń tì lẹ́yìn, ìdáhùn kejì la sì fi ń mọ̀ bóyá Ọlọ́run ti gbà á là. Ní Pell Ridge, Àwòdì ni gbogbo wa, àtorí pásítọ̀ dórí ajá. “Ọlọ́run á bùkún yín, Àwòdì gbéra,” bẹ́ẹ̀ la ṣe ń dágbére nílé oògùn, ní báńkì, létí ibojì pàápàá.

Ìgbà tí Àwòdì wá mú Leland, pé òun ni wọn yóò máa pè wọ pápá nígbà tí agbára àwọn tó kù bá tán, kó wá fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù náà gba àárín òpó kọjá, kí ni a ò ṣe tán? Ọmọ tó bá dáa, ti bàbá ni. Èyí tí kò bá dáa, ti ìyá ni. Doyle ti wà nínú ilẹ̀, gbogbo ìlú bá sọ ara wọn di bàbá. Díákónì Hoyt Scoggins, ẹni tó kọ́ Leland ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, tó di orí rẹ̀ mú lọ́jọ́ tó ṣe ìtẹ̀bọmi, gbé fọ́tò ọmọ náà kọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta táyà. “Ọmọ wa nìyí,” ló ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá fẹ́ táyà.

Òpin oṣù kọkànlá ni Àwòdì àti Ìkookò máa ń pàdé. Lọ́dún náà, àkókò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, Ìkookò fi díẹ̀ ṣáájú, wọ́n pe Leland. Ó gbá a. Bọ́ọ̀lù náà gba ẹ̀gbẹ́ òpó lọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni kò kú, ilé ẹnikẹ́ni kò jóná.

Lọ́jọ́ Ajé, Wynona ti já àwọn ọmọ sílẹ̀ tán, ó tan rédíò nínú bọ́ọ̀sì òfìfo. Ètò tí àwọn èèyàn ti ń pe fóònù wọlé láti sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ló ń lọ lọ́wọ́. Ó gbọ́ ohùn kan tó mọ̀ dáadáa.

“Hoyt láti Pell Ridge ni o. Ẹ wò ó, mi ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ ìlú wa ni ọmọ yẹn, mo sì ń sọ ọ́ níbí pé kó má wálé. Bó bá fi dandan wálé, kó má wọ mọ́tò. Kó fẹsẹ̀ rìn, torí ẹsẹ̀ yẹn ò wúlò fún nǹkan míì. Màmá mi tó ń fi ọ̀pá rìn á gbá bọ́ọ̀lù yẹn wọlé.”

Olóòtú ètò ń rẹ́rìn-ín. “Ó mà dùn yín gan-an o, Hoyt.”

“Ó dùn mí dé egungun. Ó dáa, Ọlọ́run á bùkún yín. Àwòdì, gbéra.”

Wynona gbé bọ́ọ̀sì sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹnu kan náà tí Hoyt fi kọ́ ọmọ rẹ̀ ní Orin Dáfídì kẹtàlélógún ló fi lé e nílùú lórí rédíò, ó tún wá fi orúkọ Ọlọ́run dì í lórí bí ẹni tó ń di ẹ̀bùn.

Wynona ti ń pe Leland lórí fóònù láti Sátidé tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù náà, kò gbé e. Lálẹ́ ọjọ́ Ajé náà ló tó gbé e, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ bíi ti ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ ìbora. Ó ní òun kì í lọ kíláàsì mọ́. Ó ní àwọn èèyàn tí òun kò mọ̀ rí ń kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù òun, pé kóun lọ kú, àti pé àwọn míì nínú wọn fi ẹsẹ Bíbélì sí i.

“Wálé ní Sọ́ńdè,” ni Wynona wí. “Wá jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tó gbé ẹ jó nígbà tó o wà ní kékeré ló wà níbí. Kò sẹ́ni tó máa bú ẹ.”

“Ṣó dá yín lójú, Mọ́mì?”

Ọ̀rọ̀ Hoyt sọ sí i lọ́kàn, ó gbé e mì. “Ó dá mi lójú.”

“Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀, màá wá.”

Ohun tí Wynona ń wá kò ju ìyẹn lọ: kí ọmọ rẹ̀ rí ibì kan ṣoṣo láyé yìí tó lè wọ̀ láìbo ojú.

Lálẹ́ Ọjọ́rú, ìjọ jẹun pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, adìẹ díndín àti búrẹ́dì àgbàdo, lẹ́yìn náà ni Búrọ̀dá Lyle Pruitt, pásítọ̀ wọn, bèèrè ohun tí kálukú fẹ́ kí wọ́n fi sínú àdúrà. Sístà Imogene sọ ti ìbàdí rẹ̀. Ẹnì kan sọ ti ọmọ rẹ̀ tó wà lójú ogun. Hoyt nawọ́ sókè.

“Búrọ̀dá Lyle, ẹ jẹ́ ká rántí ẹsẹ̀ Leland náà o. Ìdíje kan ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn Kérésì. Kí Olúwa bá wa tún ẹsẹ̀ yẹn tò.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣe àmín.

“Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ṣe nǹkankan, Díákónì,” ni Wynona wí. “Ọkàn ẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbàdúrà fún. Ọmọ náà ò jẹun, kò sùn.”

“Sístà Wynona, gbogbo wa la ò sùn.” Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

“Mo gbọ́ yín lórí rédíò.”

“Rédíò kẹ̀? Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù nìyẹn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tí ọ̀rọ̀ Ìkookò bá dé, ẹnu èèyàn kì í ṣe tiẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ràn ọmọ yẹn bí ẹni pé èmi ni mo bí i.”

“Ọpẹ́ ni pé ẹ̀yin kọ́ lẹ bí i.”

Búrọ̀dá Lyle ní kí wọ́n fi ìfẹ́ bá ara wọn sọ̀rọ̀, ó sì di ojú fún àdúrà kíákíá. Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ àwo mọ́, Wynona tọ̀ ọ́ lọ ní ilé ìdáná. Ó ní Leland ń bọ̀ ní Sọ́ńdè. Ó ní ohun kan ṣoṣo lòun ń bẹ̀ ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ rẹ̀. Kí wọ́n jẹ́ kó jókòó, kó kọrin, kó lọ.

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Sístà,” ni pásítọ̀ wí, ó sì fọwọ́ gbá a léjìká. “Ilé ẹ̀ nìyí. Ọmọ wa ni.”

Leland dé lóòótọ́. Ó ti gbẹ, kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń mì lọ́rùn. Wọ́n jókòó sẹ́yìn, àwọn èèyàn sì ń yíjú wò wọ́n, wọ́n ń yí i padà. Ọmọ onínàákúnàá ni Búrọ̀dá Lyle wàásù lé lórí. Wynona ti ń fura láti ìdajì ìwàásù. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé rárá, ọkùnrin yìí ṣèlérí fún mi.

Bí ìwàásù ṣe parí, pásítọ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá síwájú, omijé ti wà lójú rẹ̀. “Leland, ọmọ mi, máa bọ̀ níbí.”

Ọmọ tí a kọ́ pé bí àgbà bá pè é kó jẹ́ ni. Ó dìde kí ìyá rẹ̀ tó rí aṣọ rẹ̀ fà. Pásítọ̀ gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó yí i kọjú sí ìjọ.

“Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká má purọ́. Inú bí wa. Ó dùn wá. Ṣùgbọ́n ṣé Jésù ò dárí ji àwa náà ni? Ẹ dìde. Ẹ na ọwọ́ yín síbí, ká jọ sọ ọ́ fún un: Leland, a dárí jì ọ́.”

Wọ́n dìde. Mo fẹ́ kó yé yín pé wọn kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ibi tó burú gan-an nìyẹn. Àwọn obìnrin ń sunkún, Hoyt Scoggins na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni ń yáná, gbogbo wọn gbà lọ́kàn wọn pé oore ńlá làwọn ń ṣe. Wọ́n sọ ọmọ náà di ẹlẹ́ṣẹ̀ tán, wọ́n wá ń retí kó dúpẹ́ pé wọ́n tú u sílẹ̀. Àánú irú èyí, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí i gbà.

“Leland,” ni ìjọ bẹ̀rẹ̀, “a dárí…”

“Kí ló ṣẹ̀?”

Ohùn tó fi ń mú ọmọ jókòó nínú bọ́ọ̀sì ni. Ìdajì àwọn tó wà níbẹ̀ jókòó kí wọ́n tó mọ̀ pé àwọn ti jókòó. Wynona ti ń rìn bọ̀ láàárín ìjókòó.

“Mo ní, kí ló ṣẹ̀? Búrọ̀dá Lyle, mo bẹ̀ yín l'Ọ́jọ́rú. Nínú òfin mẹ́wàá, èwo ló rú? Ẹ ka ẹsẹ rẹ̀ sí mi létí, mo ń dúró.”

“Sístà Wynona, ẹ rọra,” ni Hoyt wí. “Oore là ń ṣe ọmọ náà.”

“Ìwọ Hoyt, má bá mi sọ̀rọ̀ oore. Ìwọ lo bọ́ sórí rédíò, tó o ní kó má wọ̀lú. Ó wọ̀lú, o na ọwọ́ sí i. Ẹni tó bá lé ọmọ ọlọ́mọ nílé ló yẹ kó tọrọ àforíjì. Bọ́ síwájú. Òun nìyí, wá tọrọ.”

Hoyt wo bàtà rẹ̀. Pásítọ̀ wo Hoyt. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́; àgbà kún ilé Ọlọ́run yẹn lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó mira. Nígbà tó ṣe, obìnrin tó ń tẹ dùùrù bẹ̀rẹ̀ orin ìkádìí ìsìn, torí kò mọ ohun míì tó lè ṣe. Wynona di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n gba àárín wọn jáde.

Nínú mọ́tò, ó tan ẹ́ńjìnnì, ẹnu rẹ̀ kò sì dúró. Ó bú Hoyt, ó bú ìyá tó bí Hoyt, ó ní òun kò ní fẹsẹ̀ kan ṣọ́ọ̀ṣì yẹn mọ́, bí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù sórí pẹpẹ kí wọ́n máa bọ ọ́. Leland ń wo iwájú. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ dánu dúró láti mí ló sọ̀rọ̀.

“Mọ́mì, ẹ ò bá ti jẹ́ kí wọ́n parí ẹ̀.”

“Kí wọ́n parí kí ni?”

“Àforíjì náà. Mo fẹ́ ẹ. Láti Sátidé yẹn, kò sí nǹkan míì tí mo fẹ́.”

“O ò ṣẹ ẹnikẹ́ni, Leland. Bọ́ọ̀lù lo gbá.”

“Tí mi ò bá ṣẹ ẹnikẹ́ni, kí ló dé tẹ́ ẹ ṣe mí bẹ́ẹ̀?”

“Èmi? Nígbà wo?”

“Ní pápá. Bí bọ́ọ̀lù náà ṣe yà, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ wò, torí mo mọ ibi tẹ́ ẹ jókòó sí. Ẹ ti kẹ̀yìn sí mi.”

Wynona la ẹnu láti sọ pé ìyọ́nú ni, pé òun kò lè wo ojú rẹ̀ nínú ìnira ni. Irọ́ ni, ó sì mọ̀ pé irọ́ ni. Lásìkò yẹn, kò tíì rántí ẹni tó gbá a. Ohun tó sọ sí i lọ́kàn ni pé Ìkookò ti nà wá. Inú bí i sí ẹsẹ̀ yẹn bó ṣe bí gbogbo èèyàn tó wà ní pápá, ó yí padà, ọmọ rẹ̀ sì rí i. Gbogbo ìbínú tó ti ń dà sórí Hoyt láti àárọ̀ kò rí ọ̀nà gbà mọ́.

Ó pa ẹ́ńjìnnì. Láti inú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń gbọ́ àwọn èèyàn tó ń kọrin.

“Leland,” ló wí, “èmi ni kó o dárí jì.”

Ọmọ náà kò yíjú. Ó ń wo iwájú, ìyá rẹ̀ sì jókòó tì í, ó ń dúró kó dáhùn.