Òyìnbó Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Sunkún Fún

Kékeré ṣì ni mí, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, nígbà tí mo ń gbé lọ́dọ̀ Ràfátù ẹ̀gbọ́n mi nílé ọkọ rẹ̀, lẹ́yìn ọjà Akẹ̀sán l'Ọ̀yọ́. Tíṣà èdè Faransé ni ẹ̀gbọ́n mi. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ẹbí sì fẹ́ kí Múfú, àbúrò olóògbé, ṣú u lópó. Wọ́n ní bó bá kọ̀, kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ò ní bá a lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, rédíò sọ pé obìnrin onímọ̀ kan kú nílẹ̀ Faransé. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àpótí, ó bú sẹ́kún. Àwọn obìnrin ilé rọ́ dé.

"Pẹ̀lẹ́ o, ìyàwó. Ta ló kú?"

Nígbà tó ṣàlàyé, Sáfú ìyàwó Múfú pòṣé. "Òyìnbó tí o ò rí rí! Ọkọ tó fẹ́ ọ ńkọ́, ṣé o sunkún tó báyìí fún un?"

Ìyá Àgbà, tó dàgbà jù nínú àwọn ìyàwó ilé, ní, "Ẹ jẹ́ ó sọ̀rọ̀. Kí ni Òyìnbó náà ṣe?"

Ẹ̀gbọ́n mi nu ojú. Ó ní tíṣà ni Òyìnbó náà tẹ́lẹ̀, kó tó jókòó ti ìwé kíkọ. Ó kọ ọ́ pé ohun tí à ń pè ní ìwà obìnrin, ilé ayé la ti kọ́ wa, a ò gbé e wá látọ̀run. Pé obìnrin tí kò bá lè yan ohun tó fẹ́, ayé ẹlòmíràn ló ń gbé. Ó fẹ́ràn ọkùnrin kan títí ọkùnrin náà fi kú, ṣùgbọ́n wọn ò so yìgì.

"Ọmọ mélòó ló bí?"

"Kò bímọ, Ìyá."

"Háà! Ìwé ló máa sin ín nìyẹn," ni Sáfú wí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣú mi lópó nínú ilé yìí. Kò sẹ́ni tó bi mí."

Nígbà tí ìpàdé ẹbí dé, òun ló kọjú sáwọn ọkùnrin: "Ẹ bi ọmọ yìí léèrè, kí n gbọ́." Wọ́n bi í. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò fẹ́. Bí wọ́n ṣe wí náà ni wọ́n ṣe: àwa méjì wọ ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́, Jẹ́lílì àti Múínà, àwọn ọmọ rẹ̀, dúró sí Ọ̀yọ́. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá lọ wò wọ́n, ẹbí á ní àwọn ọmọ wà lóko.

Ayé ti yí padà. Opó ìwòyí á ní òun ò fẹ́, á kó ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀, kò sẹ́ni tó máa pariwo. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ rò pé bó ṣe wà látayébáyé nìyẹn, kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Oṣù tó kọjá la sin ẹ̀gbọ́n mi. Jẹ́lílì wá, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, ó jókòó láàárín àwọn àlejò. Nígbà tó yá, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àǹtí, ṣé màmá mi ò fẹ́ wa ni?"

Mo sọ gbogbo èyí fún un. Ó gbọ́ ọ dópin, ó wá ní, "Kí ló dé tí màmá mi ò fara dà á nítorí tiwa?"