Òkúta Tó Wọ Jákẹ́ẹ̀tì Mẹ́ta

Ọjọ́ tí Olówòkéré gbé òkúta wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìgbókòdá, gbogbo èbúté ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn alágbàrù sọ àpò gaàrí kalẹ̀. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì gbàgbé ṣéńjì oníbàárà lọ́wọ́. Òkúta náà dúdú, ó rí rìbìtì, ó sì wúwo ju ọkùnrin mẹ́ta lọ. Láti Ìdànrè ni bàbá náà ti gbé e wá nínú lọ́rì, tó jókòó tì í lẹ́yìn ọkọ̀, tó gbọ́wọ́ lé e lórí, bí ẹni tó ń sin ìyàwó ọ̀ṣìngín relé ọkọ.

Lawrence, tó ń wa ọkọ̀ èrò lọ sí Òkè-Ìtùnú, yí òkúta náà ká lẹ́ẹ̀mejì.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe?"

"Ìpìlẹ̀ ilé."

"Ilé tẹ́ ẹ ti ń gbé láti ogún ọdún?"

"Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá ni Pásítọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi."

Lawrence ní àyè èrò mẹ́ta ni òkúta náà máa gbà, owó èrò mẹ́ta ni bàbá máa san. Olówòkéré bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní òkúta kì í sọ̀rọ̀ òṣèlú lójú ọ̀nà, kì í sì í bì sára ẹnikẹ́ni. Lawrence kọ̀ jálẹ̀. Bàbá sanwó, ó sì tún na ọwọ́.

"Kí lẹ tún ń bèèrè, Bàbá?"

"Jákẹ́ẹ̀tì. Ìjọba ní èrò kankan ò gbọdọ̀ wọkọ̀ láìwọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Èrò mẹ́ta lo pe òkúta yìí. Kó mẹ́ta wá."

Bí ọkọ̀ ṣe kúrò ní Ìgbókòdá nìyẹn, tó ń rìn bí aboyún tó ti wọ oṣù rẹ̀, tí èrò mọ́kànlá ń wo òkúta kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì pupa mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ni Lawrence tó ń wà wọ́n kò ní ẹyọ kan lọ́rùn.

Àrìnpé, ìyàwó Olówòkéré, wà lórí afárá pákó iwájú ilé, ó ń yí ẹja ṣawá lórí ààrò, nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀. Ó ti di ọjọ́ kẹta tí ọkọ rẹ̀ ti jáde nílé, ọkàn rẹ̀ sì ti ń sọ fún un pé obìnrin ni. Nígbà tó rí ohun tó ń bọ̀, ó ní ì bá sàn kó jẹ́ obìnrin. Obìnrin á kúkú lè bá òun yí ẹja.

Kí ẹni tí kò bá mọ Òkè-Ìtùnú má ṣe jẹ́ kí orúkọ tan òun jẹ. Abúlé kan ni létí òkun, láàrin Ayétòrò àti Molútẹ̀hìn. Òkè tó ga jù níbẹ̀ ni òkìtì ìkarahun ìṣáwùrú tó wà lẹ́yìn ilé Moríkẹ́. Orí òpó igi ni ilé gbogbo dúró sí, ẹrẹ̀ ló wà nísàlẹ̀, òkun ló sì wà níwájú, tó ń jẹ abúlé náà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń jẹ pùpúrù láìkánjú. Lọ́dún tí òkúta dé, ilé mọ́kànlá ló ṣì wà láàrin ilé Olówòkéré àti òkun. Àràárọ̀ ni Àrìnpé máa ń kà wọ́n. Kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń kà wọ́n.

Ibẹ̀ ni wọ́n rán Pásítọ̀ Wọlé wá. Ọmọ Ìdànrè ni, níbi tó jẹ́ pé béèyàn bá ṣí fèrèsé, àpáta ni yóò kọ́kọ́ kí i káàárọ̀. Ìwàásù àkọ́kọ́ tó ṣe dá lórí ọlọ́gbọ́n tó kọ́lé sórí àpáta àti òmùgọ̀ tó kọ́lé sórí iyanrìn. Ìwàásù náà dùn. Àárín rẹ̀ ni Olówòkéré dìde.

"Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Jésù dárúkọ ti orí àpáta, ó dárúkọ ti orí iyanrìn. Kí ló sọ nípa àwa tá a wà lórí ẹrẹ̀?"

Pásítọ̀ ṣí Bíbélì síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn. "Bàbá, kò dárúkọ yín."

"Ọpẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ tiwa ò tíì bàjẹ́ tán nìyẹn."

Pásítọ̀ sáré ṣàlàyé pé òwe ni Jésù ń pa. Ó ní ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tó sì lọ ṣe é, òun ló wà lórí àpáta.

"Mo ti gbọ́," ni Olówòkéré wí, ó ń gbé fìlà rẹ̀. "Mo ń lọ ṣe é."

Ọkùnrin mẹ́fà ló fi okùn sọ òkúta náà sísàlẹ̀ ilé, gẹ́lẹ́ lábẹ́ yàrá. Lọ́jọ́ kìíní, ó jókòó pẹ̀lú iyì. Lọ́jọ́ kejì, ó ti wọlẹ̀ dé ìdajì. Ọjọ́ kẹta tí gbogbo Kristẹni mọ̀ sí ọjọ́ àjíǹde, ọjọ́ náà ni òkúta Olówòkéré wọlẹ̀ pátápátá.

"Bàbá Ọpẹ́, àpáta yín dà?" ni Àrìnpé bi ọkọ rẹ̀.

"Ìyá Ọpẹ́, ìpìlẹ̀ wo lo ti rí tó ń yọjú síta?"

Bí Olówòkéré ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Káfíńtà ni, ó ń kọ́ ilé, ó ń kan ọkọ̀, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ Jésù bí ẹni tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan náà. Ohun tó bá gbọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi, ọjọ́ Ajé ló máa ṣe é, kò ní dúró gbọ́ àlàyé. Nígbà tó yá, alaalẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Àrìnpé máa ń kúnlẹ̀ gbàdúrà kí Ọlọ́run jẹ́ kí Pásítọ̀ mú ẹsẹ tí kò léwu.

Sójà kan jẹ nínú ìwà Olówòkéré yìí. Pásítọ̀ ti wàásù pé bí ẹnì kan bá fipá mú ọ rin máìlì kan, bá a dé méjì. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni sójà náà fò sínú ọkọ̀ Olówòkéré tìbọn-tìbọn, ó ní kó wa òun lọ sí Molútẹ̀hìn kíákíá, òun ò sì fẹ́ gbọ́ àwáwí. Bàbá wa ọkọ̀. Wọ́n dé Molútẹ̀hìn. Ọkọ̀ ń lọ.

"Bàbá! Èbúté rèé!"

"Mo rí i, ọ̀gá."

"Kí ló dé tó ò dúró?"

"Máìlì tẹ́ ẹ fipá gbà ti parí síbẹ̀ yẹn. Èyí tá a wà nínú rẹ̀ báyìí, èmi ni mo fi ta yín lọ́rẹ."

Ìgbà tí ọrẹ náà fi máa parí, àárín igbó ẹ̀gbà tó hù sínú omi ni wọ́n wà, èbúté kò sí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí, ẹ̀fọn nìkan ló wà níbẹ̀ tó ń kí wọn káàbọ̀. Láti ọjọ́ náà, kí sójà tó fẹsẹ̀ kan wọ ọkọ̀ arúgbó kankan lágbègbè yẹn, yóò kọ́kọ́ bèèrè tìrẹ̀lẹ̀-tìrẹ̀lẹ̀ pé, "Bàbá, ẹ má bínú, ṣé ẹ̀yin kọ́ ni Olówòkéré?"

Ti ẹ́ńjìnnì kò pa Àrìnpé lẹ́rìn-ín. Nígbà yẹn, ilé tó kù láàrin wọn àti òkun ti di mẹ́fà. Tọkọtaya náà ní ẹ́ńjìnnì méjì. Ọ̀kan wà lẹ́yìn ọkọ̀ Olówòkéré. Ìkejì wà nínú yàrá lábẹ́ aṣọ, Àrìnpé sì ti pinnu pé àwọn máa tà á, àwọn á fi ra pákó, àwọn á sì kọ́lé tuntun sí etí odò lọ́hùn-ún níbi tí ilẹ̀ ti le. Ọ̀sẹ̀ tí oníbàárà fẹ́ wá wò ó ni ẹ́ńjìnnì Lawrence já sómi. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Pásítọ̀ wàásù pé ẹni tó ní ẹ̀wù méjì kó fún ẹni tí kò ní. Àrìnpé ti ọjà dé, ó bá aṣọ nílẹ̀ láìsí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀.

"Bàbá Ọpẹ́! Ẹ̀wù ni wọ́n sọ! Wọn ò sọ ẹ́ńjìnnì!"

"Ẹ̀wù ò lè gbé Lawrence dé Ìgbókòdá."

"Jésù kọ́ ló tiẹ̀ sọ ọ́, Jòhánù Onítẹ̀bọmi ni!"

"Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n," ni Olówòkéré dáhùn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ẹ́ńjìnnì tó kù dákú, kò jí mọ́. Bàbá padà sídìí àjẹ̀. Lawrence á wá fi ẹ́ńjìnnì Olówòkéré sáré kọjá lára Olówòkéré, omi á sì fọ́n sí bàbá lójú. Bàbá á nu ojú rẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ wo bó ṣe ń sáré. Mo mọ̀ pé èyí tó dáa ni mo fún un."

Ọdún kan gbáko ni Àrìnpé kò fi dáhùn ìkíni Lawrence.

Nígbà tí àìsàn dá Olówòkéré dùbúlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ilé méjì péré ló kù. Láti orí ibùsùn, èèyàn lè gbọ́ òkun bó ṣe ń jẹun. Ọpẹ́fólúwa, ọmọ wọn obìnrin tó ń ṣe tíṣà ní Àkúrẹ́, wá jókòó tì í. Lówúrọ̀ ọjọ́ tí bàbá máa jáde láyé, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú.

"Ìyá Ọpẹ́, má bẹ̀rù òkun. Ilé yìí ò ní bá a lọ."

Àrìnpé mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òkúta ló ń sọ. Ó fẹ́ jà, àmọ́ kò sí agbára ìjà lára bàbá mọ́, ìjà ẹnì kan kò sì dùn. Ó ní, "Mo ti gbọ́, Bàbá Ọpẹ́." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó gbà fún un láìjiyàn. Olówòkéré rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí iṣẹ́ ìyanu, ó sì sùn.

Kí òjò tó tún dé, òkun gbé ilé kìíní. Ó gbé ìkejì. Kò sí ohun tó kù fún Àrìnpé láti kà mọ́.

"Màmá, ẹ máa bọ̀ ní Àkúrẹ́," ni Ọpẹ́fólúwa ń pariwo lórí fóònù.

"Ta ni kí n fi ilé bàbá rẹ sílẹ̀ fún? Ẹja òbòkún?"

Kì í ṣe pé ó ya olórí kunkun. Inú ilé yẹn ló bímọ sí, ibẹ̀ ló ti dágbére fún ọkọ, pákó òmíràn kò sì sí níbikíbi. Bí ilé yẹn bá lọ, àlejò ni yóò máa jẹ́ ní ilé ọmọ títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Lówúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì. Ó mọ ìró náà. Lawrence ló wà níwájú, ọkọ̀ mẹ́rin tẹ̀ lé e. Gbogbo ẹni tí Olówòkéré ti bá kanlé lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn ìjì rí wà níbẹ̀. Moríkẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò pùpúrù. Pásítọ̀ Wọlé náà dé, ó ká sòkòtò sókè dé orúnkún.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. A wá tú ilé," ni Lawrence wí.

"Ilé ta?"

"Tiyín. A fẹ́ lọ tò ó padà sí etí odò lọ́hùn-ún."

"Ta ló bẹ̀ yín lọ́wẹ̀?"

Lawrence tọ́ka sẹ́yìn ọkọ̀. "Ẹ wo ẹ́ńjìnnì tó gbé mi wá."

Àrìnpé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbé ọmọrí ìkòkò nílẹ̀, ó tún gbé e padà síbi tó ti gbé e.

Ó ń rò ó pé wọ́n máa fọ́ pákó tán kí wọ́n tó yọ ọ́, nítorí ìṣó ti dípẹtà nínú gbogbo ilé Òkè-Ìtùnú. Lawrence fa pákó kìíní. Ó jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò sí ìṣó lára rẹ̀, bóòtì àti nọ́ọ̀tì ni, wọ́n sì fi gírísì pa á dáadáa. Ó yí pákó náà padà. Èédú ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn rẹ̀: Ọ̀tún, ìkíní. Wọ́n yọ èyí tó tẹ̀ lé e: Ọ̀tún, ìkejì. Láti ìlẹ̀kùn dé òrùlé, kò sí pákó kan tí Olówòkéré kò kọ ipò rẹ̀ sí lára.

Ìgbà yẹn ni Àrìnpé rántí gbogbo ọ̀sán tí ọkọ rẹ̀ máa ń wà lẹ́yìn ilé, tí á máa lu nǹkan kókókó, tí òun bá sì bèèrè, á ní òun ń tún ara ògiri ṣe.

"Ọkùnrin yìí!" Ó gbá ọwọ́ mọ́ra. "Ó tàn mí! Òun tó ní òun gbẹ́kẹ̀ lé àpáta!"

Pásítọ̀ rọra sọ̀rọ̀ láti abẹ́ pákó tó rù. "Màmá, Jésù tún ní ká gbọ́n bí ejò."

"Ìgbà wo lẹ wàásù ìyẹn?"

"Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ti àpáta."

"Ọ̀sẹ̀ yẹn nìkan ni ẹ̀yìn ń ro mí tí mi ò wá!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí afárá pákó fi ń mì. Nígbà tí wọ́n sì tú ilẹ̀ yàrá, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀. Omi òkun tó ti ń fọ ẹrẹ̀ lọ lábẹ́ ilé ti hú òkúta náà síta. Ó jókòó síbẹ̀, ó dúdú, ó rí rìbìtì, pẹ̀lú iyì tó fi dé lọ́jọ́ kìíní.

"Ká fi í sílẹ̀," ni ẹnì kan wí. "Ó ti wúwo jù."

"Fi ta sílẹ̀?" ni Àrìnpé bèèrè. "Ẹni tó ti sanwó ọkọ̀ rí?"

Wọ́n fi okùn fà á wọ inú ọkọ̀ Lawrence. Àrìnpé wọlé, ó jókòó. Lawrence kò tan ẹ́ńjìnnì. Ó tẹ̀ síwájú, ó ń wá nǹkan lábẹ́ ìjókòó, ó sì fa jákẹ́ẹ̀tì méjì yọ. Ó so wọ́n mọ́ òkúta lára. Ó wò yíká, òmíràn kò sí. Ó bá bọ́ ti ọrùn ara rẹ̀, ó so ìyẹn náà mọ́ ọn.

"Ìwọ ńkọ́?" ni Àrìnpé wí.

"Èmi mọ omi wẹ̀, Màmá."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu Àrìnpé, omijé sì tẹ̀ lé e, ó sì jẹ́ kí àwọn méjèèjì máa bá ara wọn lọ. Ọkọ̀ gbéra pẹ̀lú pákó tí bàbá kọ ipò rẹ̀ sí. Lẹ́yìn wọn, òkun dé ibi tí ilé wà, kò bá nǹkan kan níbẹ̀.

"Bàbá Ọpẹ́," ló wí jẹ́jẹ́, "ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an ni." Ó sún mọ́ òkúta náà, ó gbọ́wọ́ lé e lórí, kò sì gbé e kúrò títí wọ́n fi gúnlẹ̀.